Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àjọ ECOWAS Lórí Ọ̀rọ̀ Géètì

Ẹ̀yin àgbà wa ní Àjọ ECOWAS, Abuja,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àmójútó ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìkìrun, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Iṣẹ́ ṣójà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ní oṣù kejì ọdún 1991, ọkọ̀ ojú omi gbé èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi láti Èkó lọ sí Monrovia, olú-ìlú Làìbéríà, pé ká lọ bá ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí ECOWAS kó jọ, ṣọ́ àlàáfíà. Ọdún 1993 ni mo tó padà fojú kan ilé. N kì í ṣe ọ̀gá nígbà náà, n ò sì wọ yàrá ìpàdé kankan rí. Ẹnu géètì ojú ọ̀nà ni wọ́n fi mí sí, ọ̀rọ̀ géètì náà ni mo bá wá.

Mo máa ń gbọ́ rédíò láàárọ̀. Kì í pẹ́ kí wọ́n tó tún sọ pé wọ́n ti buwọ́ lu ìwé ìdáwọ́ ogun dúró níbì kan láyé yìí. Wọ́n á dárúkọ àwọn tó buwọ́ lùwé, wọ́n á dárúkọ ìlú tí wọ́n ti ṣèpàdé. N ò tíì gbọ́ kí wọ́n sọ ẹni tó máa dúró lójú ọ̀nà nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, àti bó ṣe máa ṣe ìyá tó ru epo bọ̀ láti oko. Ojú ọ̀nà yẹn ni ìwé ti máa ń fà ya.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹni tí kò mọ Làìbéríà. Ibikíbi tí ṣójà tàbí ọlọ̀tẹ̀ bá ti ta okùn sójú ọ̀nà láti dá èrò dúró, géètì ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Tiwa kò ju àgbá méjì tí a rọ iyanrìn kún, ọparun kan tí a gbé dábùú wọn, okùn tí a so àkísà pupa mọ́ kí awakọ̀ lè tètè rí i, àti àpò iyanrìn tí a tò yí ìbọn ńlá kan ká. Ojú ọ̀nà tó gba Paynesville jáde lọ sí Kakata ló wà. Bí èèyàn bá kọjá wa, á rin ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, níbi tí koríko ti ń jẹ títì wọlé láti ọ̀tún àti òsì, tí àwọn ilé tí kò ní òrùlé mọ́ dúró ṣánṣán. Lẹ́yìn náà ni á wá kan géètì àwọn ọmọ ogun Charles Taylor, olórí àwọn ọlọ̀tẹ̀.

Ogun yẹn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá 1989, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Taylor gba Nimba wọlé láti Côte d'Ivoire. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ 1990 ni ECOMOG gúnlẹ̀ sí èbúté Freeport. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí àwọn ọmọ ogun Prince Johnson, ọlọ̀tẹ̀ tó ya kúrò lọ́dọ̀ Taylor, fi mú Ààrẹ Samuel Doe nínú ọgbà tí olú-iṣẹ́ ECOMOG fúnra rẹ̀ wà, kò sì bọ́ lọ́wọ́ wọn láàyè. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n buwọ́ lu ìwé ìdáwọ́ ogun dúró ní Bamako. Nígbà tí èmi fi dé, Amos Sawyer ń ṣe ìjọba fìdíhẹ ní Monrovia, Taylor ń ṣe tirẹ̀ ní Gbarnga. Orílẹ̀-èdè kan, ìjọba méjì, àwa sì wà láàárín wọn pẹ̀lú okùn àti àkísà.

Àwọn tí kò ṣe é rí rò pé ìsinmi ni ìdáwọ́ ogun dúró jẹ́ fún ṣójà. Nígbà tí ogun bá ń jà, èèyàn mọ apá ibi tí ọta ti ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n bá ní kó dáwọ́ dúró, gbogbo ẹ̀ka igi tó bá ṣẹ́ lóru ló ń jí ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo wa á ti wọ kòtò, ìbọn léjìká, títí oòrùn yóò fi yọ. Lẹ́yìn náà a ó rún orín, a ó nu ìbọn tí a kò yìn láti oṣù tó kọjá, a ó jókòó. Àwa Yorùbá tó wà níbẹ̀ gbẹ́ ihò méjìlá sílẹ̀, a fi èkùrọ́ ta ayò. Àwọn ará Ghana máa ń dúró wò wá, wọ́n ní àwọn náà ní irú rẹ̀ nílé. Lẹ́tà láti ilé lè lo oṣù mẹ́ta kó tó dé. Ibà ń ṣe wá ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Àṣẹ tí a gbà sì ni pé a kò gbọ́dọ̀ yìnbọn bí wọn kò bá kọ́kọ́ yìn fún wa. Ẹ rò bó ṣe rí kí ènìyàn gbé ẹrù ìbọn káàkiri fún ọdún kan àbọ̀ kó sì máa gbàdúrà pé kí òun má lò ó.

Àwọn tó wà ní géètì kejì kì í ṣe àgbà. Ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Taylor ní ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan tó jẹ́ kìkì ọmọdékùnrin, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan wà nínú wọn, n kò rò pé ó ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ. Ṣòkòtò àgbàlagbà ló wọ̀, ó fi okùn di í níbàdí, ìbọn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó o. Bí ọ̀sán bá ti ń rọlẹ̀, á rìn wá dé ìdajì ọ̀nà, á gbé ìbọn sílẹ̀ sórí koríko, á gbé ọwọ́ sókè, á wá kígbe pé, "Nàìjíríà! Weah ńkọ́?" Monaco ni George Weah ń gbá bọ́ọ̀lù fún nígbà náà, àwa la sì ní rédíò. Bí Weah bá jẹ góòlù, a ó kígbe sọ fún un, á fò sókè, á sáré padà lọ sọ fún àwọn tirẹ̀, àwa náà á sì máa gbọ́ ariwo ayọ̀ wọn láti òkèèrè. Mo máa ń ju sàdíìnì kan tàbí ọṣẹ sí i. Ó ní ọṣẹ ló wu òun jù, torí ara ń yún òun.

Fún àwọn ará ìlú, orí ìrẹsì ni gbogbo rẹ̀ wà. Ará Làìbéríà lè jẹ ẹ̀gẹ́ yó bámúbámú, bí kò bá tíì fẹnu kan ìrẹsì, á ní òun kò tíì jẹun. Ọ̀rọ̀ owó ìrẹsì ló dá rògbòdìyàn sílẹ̀ ní Monrovia ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin 1979, kò sì pé ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ tí Doe fi gbàjọba. Nígbà tiwa, ìrẹsì ìrànwọ́ ń gba èbúté wọ Monrovia, ṣùgbọ́n epo pupa, ata, ewé ẹ̀gẹ́ àti ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n ń fi jẹ ẹ́, ìgbèríko ló wà, lábẹ́ Taylor. Àwọn ará ìgbèríko kò ní iyọ̀, wọn kò ní ọṣẹ, wọn kò ní aṣọ. Nígbà tí wọ́n wá ṣí ojú ọ̀nà díẹ̀, àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ gbé e rìn. Wọ́n á ru iyọ̀ lọ, wọ́n á ru epo bọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni ọjà Red Light ṣe ń kún díẹ̀díẹ̀. Ẹ fọkàn sí i dáadáa: àwọn aláròóbọ̀ wọ̀nyí ló so orílẹ̀-èdè tí ẹ pín sí méjì lórí bébà padà pọ̀.

Owó pàápàá di ogun. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 1992, ìjọba Monrovia tẹ owó tuntun tí wọ́n ń pè ní Liberty. Ní apá Taylor, owó àtijọ́ tó ní orí Joseph Jenkins Roberts, ààrẹ wọn àkọ́kọ́, ni wọ́n ń ná, JJ ni wọ́n ń pè é. Wọ́n fi òfin de Liberty lọ́dọ̀ tiwọn. Nítorí náà, obìnrin tó bá ń lọ sóko gbọ́dọ̀ pààrọ̀ owó kó tó kọjá, kó tún pààrọ̀ nígbà tó bá ń bọ̀. Ẹni tí wọ́n bá bá owó òdì kejì lára rẹ̀ ní géètì òdì yìí, amí ni wọ́n á pè é. Mo ti rí ìyá kan tó rán JJ sínú ìbànté ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn.

Ìyá tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín ti dàgbà ju èyí lọ. Ol' Ma ni gbogbo wa ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà níbẹ̀ nìyẹn. Á ti ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí. Ọjọ́ Ẹtì ni ó sábà máa ń bọ̀ láti ọ̀nà Kakata, pẹ̀lú agbè epo méjì àti igbá ata. Nígbà kan mo bi í léèrè iye géètì tó gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó jókòó sórí àpò iyanrìn, ó ń kà wọ́n lórí ìka: èyí tí wọ́n ti bu ata, èyí tí wọ́n ti gba adìyẹ, èyí tí wọ́n ti bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ọmọ ọmọ rẹ̀. Ìka ọwọ́ méjèèjì tán, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n yá òun ní tèmi.

Ní Làìbéríà, ẹni tó bá fẹ́ gba rìbá kì í sọ pé rìbá. Omi tútù ni yóò ní òun fẹ́ mu. Ní oṣù Kẹsàn-án 1992, owó wa ti pẹ́ gan-an. Ọmọ mi ń ṣàìsàn nílé, lẹ́tà ìyàwó mi wà nínú àpò àyà mi. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, Ol' Ma dé, mo wo agbè epo rẹ̀, mo sọ fún un pé òùngbẹ ń gbẹ mí. Èmi tí mo máa ń gbé ẹrù sọ̀ fún un! Ó wò mí títí. Àwọn ará ibẹ̀, bí wọ́n bá ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n á ní, "Mo di ẹsẹ̀ rẹ mú." Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ìyá yẹn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lóòótọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì di bàtà mi mú. Ọmọ Yorùbá ni yín tàbí ẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Àgbà kì í di ẹsẹ̀ ọmọdé mú. Ojú tì mí débi pé n kò lè gbé ẹsẹ̀ náà, síbẹ̀ mo gba igò epo kan kó tó kọjá. Mo tà á ní ọjà. N ò rí Ol' Ma mọ́.

Mo sọ èyí torí pé mo fẹ́ kí ẹ mọ ọ̀nà tí ó gbà ń bàjẹ́. Àwọn ará Monrovia ní gbólóhùn méjì fún wa. Ọ̀kan ni pé kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí ECOMOG, wọ́n sì sọ ọ́ tọkàntọkàn, torí pé bí a kò bá débẹ̀, Ọlọ́run nìkan ló mọ iye tí yóò ṣẹ́ kù. Èkejì ni pé wọ́n tú lẹ́tà orúkọ wa palẹ̀, wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé gbogbo ọkọ̀ àti gbogbo ohun tó bá ṣeé gbé ti lọ. Àwọn èèyàn kan náà ló ń sọ méjèèjì. Òótọ́ sì ni méjèèjì.

Ẹni tí ebi ń pa tí a fún ní ìbọn tí a sì gbé kalẹ̀ sí ojú ọ̀nà ọjà, kí ló kù tí a ò mọ̀? Ọ̀rọ̀ yìí kò parí pẹ̀lú ìgbà tiwa. Ní oṣù Keje 2008, ní Àkúrẹ́ níbí, àwọn ṣójà tó ti Làìbéríà dé, tí wọ́n lọ ṣiṣẹ́ àlàáfíà lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, jáde sí títì pé wọn kò rí owó àjẹmọ́nú wọn gbà. Ilé ẹjọ́ ológun dá ẹ̀wọ̀n gbére fún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú wọn ní 2009, kí wọ́n tó dín in kù sí ọdún méje. N kò ní gbè ọmọ ogun tó bá dá rúkèrúdò sílẹ̀ lẹ́yìn, òfin iṣẹ́ wa ni. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí irú ìbínú yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀, mo sì mọ ẹni tó ń kọ́kọ́ san owó tí wọn kò san fún ṣójà. Ìyá aláta ni.

Ẹ̀rí wà pé ìdákẹ́jẹ́ tiwa ti ń jẹrà kó tó bẹ́. Ní 1992 yẹn kan náà, nígbà tí wọ́n rán àwọn kan lára wa lọ sí ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ Taylor láti lọ gba ohun ìjà, wọ́n pa ọmọ ogun Senegal mẹ́fà ní Vahun. Lẹ́yìn náà wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún nínú wa, wọ́n sì dá wọn dúró síbẹ̀. Lórí bébà, ìdáwọ́ ogun dúró ṣì wà.

Ọmọdékùnrin tó máa ń béèrè Weah kò wá ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹwàá. Mo bi àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bóyá wọ́n rí i. Ní ọjọ́ 15 oṣù náà, kí ilẹ̀ tó mọ́, ọta bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lé Monrovia lórí láti ọ̀nà púpọ̀. Octopus ni wọ́n pe ìkọlù náà. Ọmọdé ni wọ́n tì ṣíwájú. Àgbá oníyanrìn wa fọ́, ọparun jóná, a fà sẹ́yìn, a tún padà. Àwọn ará ìlú ń sá wọ àárín Monrovia pẹ̀lú ibùsùn lórí. N ò ní sọ ohun tí mo rí ní ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni yẹn nígbà tí a padà débẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ọmọ yẹn wà níbẹ̀, torí mo kọ̀ láti yí ojú wọn wò.

Láti ìgbà náà, ìwé kò dẹ́kun. Wọ́n ti ṣe ti Lomé lórí bí a ó ṣe máa ṣọ́ ìdáwọ́ ogun dúró kó tó di pé Octopus dé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Cotonou ní oṣù Keje 1993, Akosombo ní 1994, Abuja ní 1995. Ní oṣù Kẹrin 1996, ogun tún jó Monrovia, wọ́n tún padà sí Abuja. Gbogbo rẹ̀ lé ní mẹ́wàá kí wọ́n tó dìbò ní 1997, tí Taylor sì di ààrẹ. Bí mo bá rántí rẹ̀, ìlú mi ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ní 1886, wọ́n buwọ́ lu ìwé àlàáfíà ogun Kírìjì. Síbẹ̀, ogun Ìbàdàn ṣì wà ní Ìkìrun wa níbí, wọ́n kọjú sí ogun Ìlọrin títí di 1893. Ọdún méje ni àwọn ará ilé wa fi bọ́ ọmọ ogun tí ìwé ti ní kó máa lọ sílé. Wọ́n ń bọ́ wọn, wọ́n sì ń bẹ̀rù wọn.

Ní 2003, mo ti padà sí báráàkì ní Nàìjíríà, etí rédíò ni mo wà. Wọ́n buwọ́ lu ìdáwọ́ ogun dúró ní Accra ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà. Kò pẹ́ rárá tí ọta tún fi ń bọ́ sí Monrovia. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ gba èbúté, níbi tí ìrẹsì wà, ìjọba di ọ̀nà afárá mú ní òdì kejì. Ìrẹsì wà lápá kan odò, ebi wà lápá kejì, géètì wà lórí afárá. Ẹni tó bá sá kọjá lè kú sórí rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà dé ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ, Taylor kúrò lórí oyè ní ọjọ́ 11, ó kọjá sí Calabar. Ní ọjọ́ 14, àwọn ọlọ̀tẹ̀ fi èbúté sílẹ̀, afárá ṣí, àwọn èèyàn tú kọjá bí omi tó já ìdídò. Lójú tèmi, ọjọ́ tí afárá ṣí ni ogun yẹn parí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ 18 ni wọ́n tó buwọ́ lu ìwé ńlá.

Nǹkan kan wà nínú ọ̀rọ̀ Accra náà tí n kò lè gbàgbé. Àwọn obìnrin Làìbéríà, Mùsùlùmí àti Kristẹni, tí Leymah Gbowee kó jọ, ti ń fi aṣọ funfun jókòó sínú oòrùn àti òjò ní Monrovia fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ní oṣù Keje, nígbà tí ìpàdé Accra ń fà gùn, àwọn kan nínú wọn lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìpàdé, wọ́n so ọwọ́ pọ̀, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò ní jáde àfi bí ọ̀rọ̀ bá yanjú. Abdulsalami Abubakar, tó jẹ́ alága ìpàdé náà, ló jáde wá bá wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo gbọ́ ìtàn yẹn, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n fi dá wọn dúró ní géètì. Àwọn náà wá di géètì fún àwọn ọ̀gá.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò le. Nígbà míì tí ẹ bá jókòó láti kọ ìwé ìdáwọ́ ogun dúró, ẹ pe àwọn tó ń gba ojú ọ̀nà náà kọjá wọlé kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn. Ẹ bi àwọn obìnrin ọjà pé ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà, ọjọ́ wo ni ọjà, owó wo ni wọ́n ń ná. Ẹ kọ géètì kọ̀ọ̀kan sínú ìwé náà, ibi tó wà àti ẹni tó ni í, kí ẹ sì kọ ohun tí ṣójà kò gbọ́dọ̀ gbà níbẹ̀ sára pátákó, ní èdè tí àwọn èèyàn ibẹ̀ ń sọ. Ẹ fi obìnrin méjì láti inú ẹgbẹ́ ọjà jókòó sí géètì náà lójoojúmọ́, kí wọ́n ní ẹ̀rọ alágbèéká àti nọ́ńbà ẹni tí wọ́n máa pè. Bí Ol' Ma bá ti rí irú wọn níjọ́ yẹn, n kò ní lè wo agbè rẹ̀. Mo mọ ara mi.

Ẹ sì san owó ọmọ ogun kí ẹ tó gbé ìbọn lé e lọ́wọ́, sínú àkáǹtì òun fúnra rẹ̀, kí ìyàwó rẹ̀ rí i nílé. Ẹ rán ọmọ ogun lọ sí Gambia ní 2017. Ibòmíràn yóò tún dé, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọ̀kan, èyí ló sì wúwo jù lọ́kàn mi. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni wọ́n bí ní Làìbéríà fún àwa ọmọ ogun ECOMOG. Ọmọ ECOMOG ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, kì í ṣe orúkọ iyì. Àwọn kan fẹ́ràn ara wọn lóòótọ́, mo jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ló wá sí géètì torí pé agolo ìrẹsì wà níbẹ̀, àwa sì mọ̀. Nígbà tí àkókò wa pé, wọ́n pè wá sórí ìlà, a wọ ọkọ̀, wọ́n dúró sí èbúté. Ẹnikẹ́ni kò ní ká kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀. Wọ́n ka ìbọn wa, wọ́n ka ìbora wa.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà, ọmọ Ìwó, kọ́pùrà ni. Géètì kan náà la jọ wà. Ó ní ọ̀rẹ́bìnrin kan ní Paynesville tó ń dín búrẹ́dì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tà. Ọjọ́ kẹta Octopus ni ọta ba ọ̀rẹ́ mi náà. Oyún oṣù mẹ́rin ló wà nínú ọmọbìnrin náà. Mo lọ wá a nígbà tí ìjà rọlẹ̀, ilé yẹn kò sí mọ́, wọ́n ní ó ti bá àwọn èèyàn sá. Ìgbà tí mo dé Nàìjíríà, mo lọ sí àgọ́ àwọn ará Làìbéríà ní Orù-Ìjẹ̀bú lẹ́ẹ̀mejì, mo ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ èrò. Ìyá ọ̀rẹ́ mi ti kú báyìí. Kó tó kú, ó bi mí bóyá ọmọ ọmọ òun yóò ti mọ̀ pé Ìwó ni ilé bàbá òun.

Ọmọ yẹn, bó bá wà láyé, ti lé lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún. Ẹ ṣí ìwé kan ní Monrovia àti ní Abuja, níbi tí ìyá tàbí ọmọ bẹ́ẹ̀ ti lè kọ orúkọ bàbá tí wọ́n bá rántí, orúkọ ìnagijẹ pàápàá, géètì tó wà, ọdún tó wà níbẹ̀. Kí àwa tó kù láyé náà lè kọ tiwa. Mo ní fọ́tò àwa méjèèjì níwájú àpò iyanrìn, ọmọbìnrin náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pẹ̀lú àwo búrẹ́dì lórí. Mo ti tọ́jú rẹ̀ sínú Bíbélì mi láti 1993. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣí ìwé yẹn, mo máa wọkọ̀ láti Ìkìrun wá gbé e fún yín.

Èmi ni,
Sájẹ́ǹtì kan tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìkìrun.